Ẹ Padà Wá Nírọ̀lẹ́

Kí wọ́n tó gé igi fúrúùtù ojú ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé
torí pé wọ́n fẹ́ fẹ títì,
mi ò mọ̀ pé ibòji ni mo ń tà.
Mo rò pé òdòdó ni.

Oṣù kejì. Òjò ti di ìtàn l'Ákùúrẹ́.
Àpáta ẹ̀yìn ilé Bàbá Akínfọlárìn
ń yá oòrùn lọ́wọ́ ọ̀sán,
ó ń san án fún wa lóru tèlé-tèlé.

Igba ìsórà, ọgọ́rin kúrótónì,
pèrègún díẹ̀ nínú ọ̀rá dúdú,
àwọn tó kù nínú ọ̀rá omi tí mo ṣà lẹ́yìn ìsìn.
Mo ń kọ ìṣe wọn sínú ìwé tí mo fi ń kọ gbèsè:
aago mẹ́wàá, ewé kúrótónì ká bí ẹní;
aago méjìlá, ìsórà sorí kọ́;
aago méjì, bírò yọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Máríígóòdù kan tí kò ju ìka mi lọ
sáré yọ òdòdó,
bí ẹni tí wọ́n ní ọkọ̀ fẹ́ gbéra
tó wọ bàtà ẹsẹ̀ kan jáde.
Mi ò yìn ín.
Ìbẹ̀rù ló tanná yẹn.

Ìyá mi ní ọdọọdún ni pèrègún ń tún ara rẹ̀ ṣe.
Ìyá mi ò gbin pèrègún sínú ọ̀rá rí.
Gbòǹgbò inú ọ̀rá ò níbi tó máa sá sí;
ilẹ̀ tó yẹ kó tù ú lára ló ń sè é.

Níbẹ̀rẹ̀, àánú wọn ṣe mí. Mo ṣí ẹ̀rọ lọ́sàn-án gangan.
Rọ́bà ti ń yáàrùn láti àárọ̀,
omi tó tẹnu rẹ̀ jáde tó se ẹyin.
Ogún ló kú sọ́wọ́ àánú mi.

Ìyáàfin Arówólò dé ní aago méjì ààbọ̀.
Ó ń kọ́lé sí Alágbàká,
ó fẹ́ àádọ́ta ìsórà sí ẹ̀bá ògiri.
Ó ká gíláàsì ojú sórí, ó wò wọ́n títí.
"Ṣé òkú lo fẹ́ tà fún mi ni?"

Mo ní wọn ò kú o, mà.
Ewé tó ká, ara rẹ̀ ló ń ṣọ́.
Ó ti pa gbogbo ẹnu ara rẹ̀ dé,
ẹnu wẹẹrẹ tí ojú wa ò tó,
kí omi díẹ̀ tó kù má baà bá afẹ́fẹ́ lọ.
Kò mí dáadáa. Kò jẹun kánú.
Ó ń ṣe bí òkú kó má baà kú.
Ẹ padà wá nírọ̀lẹ́.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ṣílẹ̀kùn mọ́tò,
òtútù inú rẹ̀ fẹ́ sí mi lẹ́sẹ̀,
ó ti ilẹ̀kùn.

Èmi náà mọ̀ ọ́n ṣe.
Lọ́dún tí Bọ́látitó mi lọ tí kò bọ̀,
mo ká ara mi jọ sórí àga,
àwọn ará ilé ní ó ti tán lára mi.
Kò tán.
Ọ̀sán ni.

Aago méje. Kò síná.
Nínú ìmọ́lẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá ni mo ti ń rí wọn,
ìsórà kan gbórí, òmíràn gbórí.
Àwọn kan ò gbé e mọ́; mo fọwọ́ kàn wọ́n, mo fi wọ́n sílẹ̀.
Létí góta, àwọn tí igi fúrúùtù ò ṣíji bò rí
kúrú, ewé wọn nípọn, wọn ò lẹ́wà.
Ẹnikẹ́ni kì í mú wọn.
Ìkankan nínú wọn ò kú.

Lọ́la, màá gbé àádọ́ta lọ bá wọn,
ìṣẹ́jú mẹ́wàá lóòrùn, kí n tó dá wọn padà,
lọ́tùn-únla, kó lé díẹ̀,
bí ìyá ṣe ń figbọ̀nwọ́ tọ́ omi ìwẹ̀ ọmọ wò.

Ìyáàfin Arówólò ò padà wá.
Àádọ́ta ìsórà dúró lójú títì,
wọ́n ń wo iná mọ́tò.